Fútù Adjoua Tí Mo Dà Nù

Ilá ni mò ń rẹ́ lọ́jọ́ náà, mo sì ń fi ẹnu kọ orin tí a fẹ́ lọ kọ níbi ìgbéyàwó kan ní Marabadiassa lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí Bàbá Bíntú, ọkọ mi, ti ọjà dé láìtó àkókò. Kì í ti ọjà dé lọ́sàn-án. Mo wo ọwọ́ rẹ̀, kò gbé nǹkan kan. Ó ní kí n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ ná. Ó ní ọlọ́pàá méjì wá sí ìsọ̀ òun, wọ́n ń béèrè obìnrin Anago, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, tó ń ta gìtá. Wọ́n mọ orúkọ mi, wọ́n mọ ilé wa ní Dougouba, wọ́n mọ̀ pé mo bí ọmọ kan. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ wà lórí káàdì sẹjúù mi, ìyẹn káàdì tí wọ́n fi ń fún àjèjì láyè láti gbé ilẹ̀ yìí. Kí n wá sí kọ̀mísáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, lọ́jọ́ Ajé pẹ̀lú onílé tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, kí n má sì kúrò nílùú títí di ìgbà náà.

Mo bi í pé ta ló fún wọn ní orúkọ mi. Ó ní wọn ò sọ.

“Ìwọ ńkọ́, ta lo rò?” ló bi mí.

Mo mú ọ̀bẹ padà, mo ń rẹ́ ilá mi lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ kan ti dé orí ahọ́n mi, ẹ̀rù sì bà mí nítorí bó ṣe tètè dé.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti dé Bouaké nígbà náà. Àwọn ará ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ilẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní Àbíjàn, bí ẹni pé ìlú kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá ni, mo fẹ́ ọkọ, mo tẹ̀ lé e. Gìtá àtijọ́ tí olùkọ́ orin wa fún mi wà lọ́wọ́ mi, aṣọ mi kò sì kún báàgì.

Ohun àkọ́kọ́ tó dẹ́rù bà mí kì í ṣe èdè. Oúnjẹ ni. Wọ́n ra atiẹkẹ fún mi, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin tí wọ́n sì fi ooru omi sè. Lójú tèmi, gàrí tí òjò pa ni. Mo bu omi tútù sí i, mo da ṣúgà lé e, mo wá ẹ̀pà sí i, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń fi ṣíbí mu ún. Obìnrin kan tó ru ẹja yíyan ń kọjá lọ. Ó dúró. Ó sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó ń sọ, àmọ́ mo mọ̀ pé èmi ló ń fi rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ kejì ó gbé ẹja díndín wá, ó gé àlùbọ́sà àti tòmátì sí i, ó da òróró díẹ̀ lé e, ó mú ọwọ́ mi ó tì í bọ inú abọ́. Adjoua nìyẹn. Ọmọ Baoulé ni, ilé rẹ̀ sì jẹ́ ilé kẹta sí tiwa.

Òun ló mú mi mọ Mariam, ọmọ Dioula tó ń lu igbá. Adjoua ń kọrin, mo ń ta gìtá, mo sì ń gbè é. Obìnrin mẹ́ta, èdè mẹ́ta, Faransé tí kò dán mọ́rán ló so wá pọ̀. A kọrin níbi ìsọmọlórúkọ, a kọrin níbi ìgbéyàwó, a kọrin níbi òkú àgbà. Orí àpò iṣu ni a máa ń jókòó sí nínú mọ́tò. Bí wọ́n bá fún wa ní adìyẹ tí wọ́n sè nínú ìkòkò tí wọ́n dé pa, Mariam á jẹ itan, Adjoua á jẹ ọrùn, wọ́n á fi àyà sílẹ̀ fún mi torí pé mò ń tọ́mọ. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ tí ẹnì kan lọ́jà sọ pé, “Anago onígìtá ló ń lọ yẹn,” tó sì fi ẹ̀rín sọ ọ́, mo rin ọ̀nà ilé bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni à ń gbé. Òun ló mú ọkọ mi wá síbí, òun náà ló bá mi gba ìwé ibùgbé tí wọ́n fi ṣe káàdì mi, orúkọ rẹ̀ ló sì wà nínú ìwé náà gẹ́gẹ́ bí onílé. Ìyàwó ilé ni mí. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi, mi ò gbọdọ̀ fi ẹnu mi pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí mo bá nílé ọkọ, ì báà jẹ́ àgbà, ì báà jẹ́ ọmọdé. Orúkọ tèmi ni mo fún kálukú wọn. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní eyín funfun tó tò bí ọkà àgbàdo, mo sì sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé. Inú rẹ̀ dùn sí i. Láti ìgbà náà, orúkọ mìíràn ò jáde lẹ́nu mi fún un mọ́.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan le. Wọ́n já iye owó sẹfà tí à ń ná níbí sí méjì, ẹni tó ń fi ọjọ́ mẹ́ta ṣòkú tẹ́lẹ̀ wá ń fi ọjọ́ kan ṣe é. Iṣẹ́ wa dín kù. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ivoirité fi kún inú rédíò, ta ni ọmọ ilẹ̀ yìí gan-an, ta ni kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Ìyá tó ń ta ata fún mi, tó máa ń pè mí ní ọmọ rẹ̀, wá bi mí lọ́jọ́ kan pé ìgbà wo ni mo máa padà sílé. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó kàn ń béèrè ni. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọ̀rọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ lẹ́ẹ̀mejì: bí wọ́n ṣe sọ ọ́, àti ohun tí mo rò pé wọ́n fi pa mọ́ sí i nínú.

Ohun tó jẹ́ kí orúkọ Adjoua wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà nìyí. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, a ń ti Sakassou bọ̀. A ti yó, Mariam ti ń sùn, jandámù kan, ṣọ́jà tó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá lójú ọ̀nà, dá mọ́tò dúró, ó ní kí gbogbo wa sọ̀kalẹ̀. Káàdì Adjoua, kò tiẹ̀ ṣí i wò dáadáa tó fi dá a padà. Ti Mariam, ó yí i síwá yí i sẹ́yìn nítorí orúkọ Dioula tó wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Bouaké ni wọ́n bí Mariam sí. Tèmi, ńṣe ló gbé e lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó bi mí níbi tí wọ́n bí mi sí. Ó bi mí lẹ́ni tó mú mi wá. Ó bi mí lórúkọ onílé tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo dá a lóhùn láìgbọ̀n. Ibi tó ti ṣòro fún un láti kọ, mo pe lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún un, inú mi sì ń dùn pé Faransé mi ti ń já gaara.

Kò dá káàdì náà padà. Ìgbà náà ni Adjoua lọ bá a. Baoulé ni wọ́n sọ, èmi ò sì gbọ́ Baoulé ju ìkíni àti orúkọ oúnjẹ lọ. Ó fà á lọ sẹ́yìn mọ́tò. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo rí i tó fi ẹnu júwe mi, jandámù wò mí, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Jandámù tún kọ nǹkan kan sílẹ̀, ó pọ̀ ju ohun tó kọ nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló dá káàdì mi padà.

Nínú mọ́tò, mo bi Adjoua pé kí ni wọ́n sọ. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Kọrin fún wa.” Mo kọrin. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọ ọ́, ojú rẹ̀ ni mò ń wò.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí Bàbá Bíntú mú ìròyìn wá, Ìyá Ràfíù dé. Ará ilé ni, láti Ògbómọ̀ṣọ́ bíi tiwa, ó ń ta abọ́ lọ́jà, kò sì sí ohun tí kì í kọ́kọ́ gbọ́. Ó jókòó sórí àpótí mi, ó ṣe mí ní pẹ̀lẹ́ títí, lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó bá wá. Ó ní ṣé mo mọ̀ pé àbúrò Adjoua ń bá àwọn ọ̀dọ́ kan rìn, àwọn tó ń pariwo pé kí àlejò máa lọ.

“O fi ẹnu ara rẹ jẹ fútù nílé wọn, o fi ẹnu ara rẹ sọ ilé rẹ fún wọn,” ni Ìyá Ràfíù wí. “Ta ni kí wọ́n tún wá mú?”

Mo ní Adjoua kọ́ ni àbúrò rẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, abọ́ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ.

Ohun tó ń dá mi lóró kì í ṣe pé wọ́n lè ní kí n máa lọ. Ilé wà níbi tí mo ti wá. Bíntú ni. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ilé ìwòsàn níbí la bí i sí, kò ní ìwé Nàìjíríà kankan. Bí wọ́n bá gba káàdì mi, ta ni yóò gbà kí n mú un kọjá ẹnubodè? Bí mo bá sì fi í sílẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ta ni yóò máa di irun rẹ̀?

Ní Jímọ̀, Adjoua gbé abọ́ kan tó fi ọmọrí dé wá. Fútù ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n gún bí iyán ni àti ọbẹ̀ ẹyìn, mo ti gbóòórùn rẹ̀ kó tó wọlé. Mi ò ní kó jókòó. Mo sọ fún un pé ara mi ò yá, mi ò ní lè lọ sí Marabadiassa. Ó wò mí. Kò béèrè ibi tó ń dùn mí.

“Màmá Bíntú,” ló wí, “ṣé káàdì rẹ wà lọ́wọ́ rẹ?”

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ará ilé. Mo ní ó wà. Ó ní ó dáa. Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kù lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gbé abọ́ náà sílẹ̀, ó lọ.

Mo gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ebi ń pa wá lọ́sẹ̀ náà. Mo da fútù náà sí gọ́tà, mo da ọbẹ̀ lé e, ẹran rẹ̀ sì pọ̀. Ìgbà tí mo yíjú padà, Bíntú dúró lẹ́yìn mi, ó ti fọ ọwọ́ rẹ̀, omi ṣì ń kán níbẹ̀.

“Ṣé ó bàjẹ́ ni?” ló bi mí.

Mo ní ó bàjẹ́.

Ní ìdájí Sátidé, Adjoua yà gba abọ́ rẹ̀ kó tó lọ wọ mọ́tò. Mi ò tíì débi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ tí Bíntú fi ti inú yàrá jáde, tó sọ fún un pé, “Táńtí, fútù yín bàjẹ́, Màmá dà á sí gọ́tà.” Adjoua gba abọ́ rẹ̀. Ó yẹ abọ́ náà wò nínú, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

“O fọ̀ ọ́ mọ́,” ló wí fún mi. Ó sì jáde.

Mo mú Bíntú lọ sí kábíìnì tẹlifóònù lọ́sàn-án ọjọ́ náà láti pe ìyá mi. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò rẹ̀ ni tẹlifóònù wà, wọ́n sáré lọ pè é, mo gbọ́ mímí rẹ̀ kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó bi mí bóyá a jẹun. Mo ní a jẹun yó. Ó bi mí bí iṣẹ́ orin ṣe ń lọ. Mo ní a wà ní Marabadiassa báyìí, ìgbéyàwó ńlá ni, mo kàn yà láti kí i ni. Ó fetí sílẹ̀. Ó ní, “Kò sí ariwo kankan lẹ́yìn rẹ o.” Mo ní a ń sinmi ni. Bí mo ṣe ń parọ́ fún ìyá mi, mò ń wo ẹni tó tò sẹ́yìn mi, mò ń rò ó bóyá ó ń gbọ́ Yorùbá.

Ìyá mi máa ń sọ pé ohùn mi ti yí padà, pé mò ń fa ọ̀rọ̀ bí ará Àbíjàn. Níbí, bí mo bá ti ya ẹnu, Anago ni wọ́n ń pè mí. Mo ti wá dà bí aṣọ tí wọ́n gé fún ẹnì kan tí wọ́n wá fi wọ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n Bíntú, Baoulé ló fi ń kọrin fún ọmọláńgidi rẹ̀. Faransé ló fi ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Òun ò mọ̀ pé ibì kan wà tí kì í ṣe tòun.

Lọ́jọ́ Ajé, Eyínfúnjowó wọ agbádá funfun, ó ki ìwé rẹ̀ sí abíyá, ó ń lọ níwájú, mò ń tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó gbà wá wọ gíláàsì, ó fún wa ní àga. Sùúrù tó fi ń sọ̀rọ̀ dẹ́rù bà mí ju kó pariwo lọ. Ó ṣí fáìlì kan. Ó ní jandámù ọ̀nà Sakassou ló kọ̀wé ránṣẹ́ sí wọn.

“Gẹ́gẹ́ bí ohun tí o sọ fún un,” ló wí, “onílé rẹ ń jẹ́...” Ó gbé gíláàsì rẹ̀ sókè. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò lè pè é já. Ó yí ìwé náà sí mi. Mo rí i níbẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí mo ṣe pè é: Eyínfúnjowó.

Ó ní wọ́n ti wá ọkùnrin náà yíká gbogbo Dougouba, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ mìíràn ló wà nínú ìwé ibùgbé mi. Nítorí náà, kò sí méjì, ìwé ẹlòmíràn ni mo ń gbé kiri.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wúkọ́. “Èmi ni,” ló wí.

“Ẹ̀yin ta ni?”

“Eyínfúnjowó.”

Ọ̀gá náà wò ó, ó wò mí. Mo ṣàlàyé fún un. Mo ní bí a ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn, ìyàwó kì í pe orúkọ ẹbí ọkọ, mi ò parọ́ fún jandámù, orúkọ tí mo ń pè é láti ọdún mẹ́fà ni mo sọ. Ó gbọ́ mi títí dé òpin. Ó ní àwọn náà ní irú rẹ̀ lábúlé ìyá òun. Ó wá ní ìwé ò mọ àna. Kí n fi ẹnu ara mi sọ orúkọ tó wà nínú ìwé náà, kí akọ̀wé òun gbọ́, tàbí kí n fi káàdì mi sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, agbádá rẹ̀ kan apá mi. Ó gbójú sí ògiri láti ràn mí lọ́wọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì.

“Mùráínà Àlàó,” ni mo wí.

Akọ̀wé ní òun ò gbọ́. Mo tún un pè, ó wá le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọ̀gá náà fa ìlà pupa sórí ọ̀rọ̀ jandámù. Ó ti fẹ́ pa fáìlì dé, ó tún ṣí i. Ó ní obìnrin kan dúró fún mi lọ́jọ́ náà. Ó fi orúkọ rẹ̀, abúlé bàbá rẹ̀ àti nọ́ńbà káàdì rẹ̀ sílẹ̀, ó ní bí wọ́n bá bá irọ́ kan nínú ọ̀rọ̀ mi, òun ni kí wọ́n mú. Ó ní, “Àwọn ènìyàn wa lọ bá a ní Ọjọ́rú. Ohun tó sọ náà ló tún sọ.”

Ọjọ́rú. Ìyẹn ni pé kí wọ́n tó dé ìsọ̀ ọkọ mi, wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ Adjoua. Ìdí nìyẹn tó fi bi mí léèrè káàdì.

Lọ́nà ilé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń lọ níwájú títí a fi dé ìdí máńgòrò tó wà níkòríta. Ó ní láti ọjọ́ tí ìyá òun ti kú, obìnrin kankan ò pe orúkọ yẹn mọ́. Ó rìn síwájú díẹ̀. Ó ní, “Ó dùn lẹ́nu rẹ. Ṣùgbọ́n má jẹ̀ẹ́ kó di àṣà.”

Mi ò wọlé. Ilé Adjoua ni mo gbà lọ. Ó ń gún ìgbá fún ọbẹ̀ nínú odó kékeré, kò gbójú sókè. Mo kúnlẹ̀ fún un bí a ṣe ń kúnlẹ̀ nílé wa. Ó ní kí n dìde, pé mò ń dí ìmọ́lẹ̀ òun lọ́wọ́. Mo sọ ohun gbogbo tí mo rò nípa rẹ̀ fún un, mi ò fi ọ̀kan pa mọ́, títí kan ohun tí Ìyá Ràfíù wí. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi lọ́jọ́ náà.

“Ṣé kí n máa sọ fún ọ pé mo buwọ́ lùwé nítorí rẹ bí ẹni buwọ́ lùwé nítorí ewúrẹ́?” ló wí. “Obìnrin bíi tèmi ni ọ́.”

Mo béèrè ohun tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Ó ní jandámù náà ní ojú mi dà bí ojú ẹni tó jí adìyẹ, òun sì rẹ́rìn-ín kí inú rẹ̀ lè yọ́. Lẹ́yìn náà ó ní àbúrò òun ò bá òun sọ̀rọ̀ láti Ọjọ́rú, nítorí pé òun dúró fún àlejò. Ó sọ ọ́ láìyí ohùn padà, ó ń gún ìgbá rẹ̀ lọ.

“Ọbẹ̀ yẹn dùn o,” ló wí nígbà tó yá. “Ẹran gbígbẹ tí wọ́n fún mi ní Sakassou ni mo fi sè é.”

Ó da ìgbá náà sínú abọ́.

“Jímọ̀ la máa fi orin dánra wò. Gbé oúnjẹ tìrẹ dání.”

Mo ní mo gbọ́. Mo mọ̀ pé yóò pẹ́ kó tó tún bu oúnjẹ fún mi, kò sì sí ẹni tí mo lè bá jà lórí rẹ̀.

Nígbà tí Bíntú ti ilé ìwé dé, mo gbé e lé itan. Mo sọ fún un pé fútù Táńtí kò bàjẹ́, èmi ni mo parọ́. Ó ní òun mọ̀, òun gbóòórùn rẹ̀. Mo wá sọ fún un pé bí ó bá ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan, tí kò bá mi nílé, tí kò sì bá bàbá rẹ̀, kó má lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ràfíù. Ilé Táńtí Adjoua ni kó lọ. Kó jẹ ohunkóhun tí wọ́n bá gbé fún un níbẹ̀.

Ó bi mí pé bí òun ò bá wá bá Táńtí nílé ńkọ́.

“Jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀,” ni mo wí. “Yóò dé.”